Bí Èépá Orí Àpáta Ṣe Dá Ilé Tirẹ̀ Sílẹ̀

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi ta kété, ó gun òkè, ó balẹ̀ sórí àpáta gbalaja, kò yẹ̀, kò ṣubú. Ó dá lórí Èépá, ọmọ Olú, ọmọ Ewé-Omi.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ Fadérera, fi etí ajá yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, bí mo bá dá orin, kí n gbọ́ ohùn yín o. Àlọ́ tí kò lẹ́gbè, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Ṣé ẹ mọ Èépá? Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gun orí àpáta tí àwọn ìyá yín ń sá gbágùúdá sí, ẹ máa ń rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta roboto roboto. Òmíràn funfun bí eérú, òmíràn pọ́n bí epo, òmíràn rí bí ewé gbígbẹ. Ẹ fi èékánná ha á, kò ṣí. Ẹ fọwọ́ pa á, ó le kankan bí èépá ojú egbò. Òun náà ni.

Ní ayé àtijọ́, gbogbo ohun tó ń hù ló ń rìn, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè nígbà náà, Olú ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe olú ńlá tó ń dé fìlà o. Olú tín-ín-rín ni, funfun bí òwú, abẹ́ igi jíjẹrà ló ń gbé. Ó mọ ilé kọ́. Bí ó bá hun ara rẹ̀ mọ́ nǹkan, ẹ̀fúùfù kò ní í rí ibi wọlé. Ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ sè rárá. Èyí tí ẹlòmíràn bá jẹ kù ló ń jẹ.

Ọmọge kan sì wà ní etí odò, Ewé-Omi lorúkọ rẹ̀. Òun ni ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lórí òkúta inú odò. Ewé-Omi mọ oúnjẹ sè ju gbogbo obìnrin ìsàlẹ̀ òkè lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń dáná. Bí oòrùn bá ti yọ, oúnjẹ ti jinná. Ṣùgbọ́n kò nílé lórí. Bí omi bá fà, ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Olú rí Ewé-Omi, ó ní, "Ọmọge, bí o bá lè sè, èmi á kọ́lé."

Ewé-Omi wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bí o bá lè kọ́lé, èmi á sè."

Ẹbí Olú kọ̀. Ẹbí Ewé-Omi yarí. Ni àwọn méjèèjì bá dìde, wọ́n gun òkè lọ, wọ́n tẹ̀dó sórí àpáta lásán, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé. Wọ́n dì mọ́ra típẹ́típẹ́. Nígbà tí wọ́n bímọ, ẹ ò lè fọwọ́ sọ ibi tí bàbá parí sí àti ibi tí ìyá ti bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ náà. Nígbà tó yá, àwọn òbí rẹ̀ wọ inú awọ ara rẹ̀ lọ, wọ́n ń gbé ibẹ̀, ọkọ ń ṣọ́ ilé, ìyàwó ń dáná. Àpáta tó ni ilẹ̀ ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Ó ní, "Bí ó ṣe lẹ̀ mọ́ mi lára yìí, Èépá ni yóò máa jẹ́."

Èépá dàgbà. Ọmọ tó gbé ara rẹ̀ níyì ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń pa koríko ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń ké yéè, Èépá á na ara sílẹ̀ gbalaja, á ní, "Oòrùn, ṣe tìrẹ. Ilé bàbá mi kò jò."

Ni ọ̀dá bá dá. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ, ó ku ìsun kan ṣoṣo tó ń ro tó, tó, tó, ní ìdí Àràbà. Àràbà sì ni ọba gbogbo ohun tó ń hù. Ọba rán Àkókó jáde. Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu sọ igi kiri, kó-kó-kó! Kó-kó-kó!

"Kábíyèsí ní kí ẹ pàdé ní ààfin lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀! Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dúró lábẹ́ orúkọ rẹ̀! Ilé tí ọba bá mọ̀ ni yóò wà lábẹ́ ààbò rẹ̀! Ẹni tí kò nílé, kí ó kẹ́rù kúrò lórí òkè yìí! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó ha á dànù!" Kó-kó-kó!

Èépá gbọ́ ìkéde náà. Oòrùn kò dẹ́rù bà á rí, ẹ̀fúùfù kò dẹ́rù bà á rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí bà á lẹ́rù: ilé wo ni ó wà? Ó ní, "Ilé bàbá ọmọ ni ilé ọmọ. N ó lọ sí ìdílé Olú."

Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé abẹ́ igi ńlá kan tó ti wó. Olú-Ọrán, olórí ẹbí Olú, jókòó síbẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ gẹ̀ǹgẹ̀. Èépá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi orin kan ilẹ̀kùn:

Ta ló bí mi o?
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Olú ló bí mi o,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ewé-Omi ló pọ̀n mí dàgbà,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Oòrùn pa mí, n ò kú,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ọyẹ́ fẹ́ mi, n ò ṣí,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ẹ ṣílẹ̀kùn, ọmọ yín dé,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta!*

Olú-Ọrán gbé fìlà sókè díẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ta nìyẹn?"

"Èépá ni, bàbá. Ọmọ Olú funfun tó gun òkè lọ. Ẹ kú ìjókòó."

"Ọmọ Olú? Fìlà rẹ dà?"

"N kì í dé fìlà, bàbá."

"Ẹsẹ̀ tí o fi dúró ńkọ́?"

"Ikùn ni mo fi ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, bàbá."

Olú-Ọrán rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó fi ìka ha Èépá léjìká, ó rí àwọ̀ ewé lábẹ́ awọ rẹ̀. Ó pariwo. "Ha! Ewé wà lábẹ́ awọ rẹ! Ìdílé Olú kì í ní ewé lára. Òkùnkùn ni tiwa. Bí òjò bá rọ̀, a hù. Bí oòrùn bá ràn, a ti lọ. Ìwọ tó o jókòó sójú oòrùn láti ọdún dé ọdún, o kì í ṣe ọmọ wa. Máa lọ."

Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàmù.

Ó dun Èépá. Ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó ní, "Bí ilé bàbá bá kọ ọmọ, ilé ìyá ò ní í kọ̀ ọ́." Ó kọrí sí etí odò.

Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé ibi tí odò ti gbẹ. Ẹrẹ̀ díẹ̀ ló kù lábẹ́ òkúta ńlá kan, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ìdílé Ewé-Omi ká jọ sí, ó ń mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Èépá kúnlẹ̀, ó kọrin:

Ta ló bí mi o?
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ewé-Omi ló bí mi o,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Olú ló kọ́lé bò mí,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ìyá àgbà, ọmọ ọmọ yín dé,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta!*

Ìyá àgbà la ojú kan. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan Èépá, ó sì yára fà á padà.

"O le kankan! O gbẹ fúrúfúrú! Ọmọ mi, ara ìdílé wa kì í le. Ọmọ omi ni wá, à ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ni."

"Ìyá àgbà, inú mi lọ́hùn-ún ni ọmọ yín wà. Ara òde yìí, ilé ni."

"Ilé!" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ta ló ń fi ilé ṣe ara nínú ìdílé wa? Ọmọ tí mo mọ̀, ó ti kú láti ọjọ́ tó ti bá ará igi jíjẹrà yẹn gun òkè. Ẹni tí òǹgbẹ omi kò bá pa, kì í ṣe ọmọ mi. Máa lọ."

Èépá dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju ti Olú-Ọrán lọ, nítorí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ń kú lọ níbẹ̀, síbẹ̀ kò gbà á. Ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò mọ ibi tó kù tí yóò lọ mọ́.

Bó ṣe ń kọjá lábẹ́ igi orógbó kan, ó gbọ́ ohùn lókè. "Àbúrò mi! Àbúrò mi dáadáa! Kí ló dé tí ojú ń pọ́n ọ?"

Afòmọ́ ni. Ẹ mọ Afòmọ́, ẹni tí kì í gbin ara rẹ̀ sílẹ̀, orí igi onígi ló ń gbé. Àwọn àgbà ní Afòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ni ìbátan rẹ̀.

Èépá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Afòmọ́ gbọ́ ọ dé òpin, ó ń mi orí. Ó ní, "Ìyẹn náà lo fi ń da ara rẹ láàmú? Wá sí ilé wa. O kò légbò, èmi náà ò légbò. O lẹ̀ mọ́ nǹkan, èmi náà lẹ̀ mọ́ nǹkan. Bí a bá dé ààfin, kí o sọ pé Afòmọ́ lo ń jẹ́. Kí o sọ pé o kò mọ Olú rí, o kò mọ Ewé-Omi rí. Ó tán."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ náà dùn létí Èépá o. Ẹni tí ilé méjì ti lé, tí ẹnìkan wá ní kó máa bọ̀. Ó wo ọ̀nà òkè, ó wo Afòmọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń jẹ?"

"Omi ara igi tí mo bá bà lé ni mo ń mu."

"Bí igi náà bá gbẹ ńkọ́?"

"Igi kò tán nínú igbó, àbúrò mi."

Èépá kọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kò mu nínú Àpáta rí. Ìyá mi ń sè fún mi nínú ilé bàbá mi. Bí mo bá sẹ́ òbí mi kí wọ́n má baà lé mi, kí ló kù lára mi tí wọn kò tíì lé? Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Èépá ni mí."

Afòmọ́ fajú ro. Ó ní, "Ó dáa. A ó pàdé ní ààfin." Kò pè é ní àbúrò mọ́.

Èépá padà sórí Àpáta. Ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pẹ́ kí Àpáta tó fọhùn, nítorí Àpáta kì í kánjú. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé méjì ni o lọ bẹ̀. Ṣé o ti wo ẹ̀yìn mi rí?"

"Rárá, bàbá. Ìsàlẹ̀ ni ojú mi máa ń wà."

"Lọ wò ó."

Èépá rọra fà, ó yí Àpáta ká dé ẹ̀yìn. Ha! Ohun tó rí mú kó yanu. Èépá ló kún ibẹ̀! Èyí pupa, èyí funfun, èyí bí eérú, èyí bí obì tó gbó. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, oníkálukú rò pé òun nìkan ṣoṣo ni. Nínú wọn, ọ̀dọ́bìnrin pupa kan wà, Pupayẹmí ni orúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán bí epo àkọ́fún.

Èépá ní, "Ta ló bí ọ?"

Pupayẹmí ní, "Olú kan tí ẹbí rẹ̀ lé, àti Ewé-Omi kan tí ẹbí rẹ̀ lé."

Èépá fò sókè, ó tún lẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò sáré gbà á, nítorí ẹ̀kọ́ Afòmọ́ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Dúró ná. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìlà ojú la sì fi ń mọ ilé. Kí ni ìlà rẹ?"

Pupayẹmí yí ara rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Àwo kéékèèké wà lára rẹ̀, roboto roboto, bí ìgbà tí ìyá bá to àwo sójú ẹní. Inú àwọn àwo yìí ni irúgbìn rẹ̀ wà, tí afẹ́fẹ́ ń wá kó. Inú àwo ní àwọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yí po bí etí agbada, àwọ̀ etí náà sì bá ara Pupayẹmí mu gẹ́lẹ́.

Èépá wo ara tirẹ̀. Àwo wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ bá ara mu gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò fiyè sí wọn rí!

Ó wò yíká. Ìyá arúgbó funfun kan ní àwo. Etí àwo rẹ̀ funfun bí ara rẹ̀. Ẹni bí eérú ní àwo. Etí àwo rẹ̀ rí bí eérú. Àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ìlà wọn kò yàtọ̀. Ni wọ́n bá dì mọ́ra, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan wá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Dúdúyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gba èmi náà." Èépá wò ó. Àwo wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n etí àwo dúdú bí èédú, kò bá ara rẹ̀ mu. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, láti ara èèpo igi ló ti wá. Òun kò tilẹ̀ ní àwo, ìlà dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló kún ara rẹ̀ bí ẹni kọ àbàjà.

Pupayẹmí ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà wọ́n. Bí a bá ṣe pọ̀ tó, ló dára tó."

Èépá mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, Olú ló bí yín, Ewé-Omi ló bí yín, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ìlà yín ni ìlà mi, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. N kò fẹ́ kí ẹ wọ ilé mi bí ayálégbé. Ẹ lọ wá àwọn tó kọ irú ìlà yín, wọ́n ṣì pọ̀. Kí ẹ dá ilé tiyín sílẹ̀, ká wà ládùúgbò kan."

Dúdúyẹmí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ju kí o gbà mí lọ." Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì lọ wá àwọn tiwọn.

Ọjọ́ ọjà pé. Ààfin Àràbà kún fọ́fọ́. Ìdílé Koríko dúró, ìdílé Ìtàkùn dúró, ìdílé Olú dúró pẹ̀lú fìlà, wọ́n gbé ìyá àgbà Ewé-Omi wá nínú igbá. Wọ́n ń pe orúkọ, ọba ń mi orí. Ni Èépá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá wọlé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pupa, funfun, eérú, wọ́n gbé orí sókè.

Afòmọ́ fò dìde. "Kábíyèsí! Ẹ má gbà wọ́n o! Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìdílé. Àrùn ni wọ́n! Ṣé ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn ni? Èépá! Èépá ojú egbò Àpáta! Ẹ ní kí wọ́n ha wọ́n dànù!"

Ariwo ta. "Ẹ ha wọ́n! Ẹ ha wọ́n!" Ẹnìkan ti gbé ìkaraun ìgbín sókè láti fi ha wọ́n.

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Èépá, o gbọ́. Ta ni bàbá rẹ? Ta ni ìyá rẹ? Mú wọn wá kí n rí wọn."

Èépá dọ̀bálẹ̀, bó ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Bàbá mi nìyí," ó na awọ eérú ara rẹ̀. "Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyá mi, ẹ fún mi ní omi ẹ̀kán kan."

Gbogbo ilé hó yèè. Omi! Nínú ọ̀dá yìí! Àwọn ìjòyè ń sọ pé ìwọ̀sí ni. Ọba Àràbà wo Èépá títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ ọwọ́ bọ igbá tirẹ̀, omi tó yẹ kó mu lọ́jọ́ náà. Ó mú ẹ̀kán kan.

Tó!

Omi kan ara Èépá. Awọ eérú yẹn mu ún fìn-ín. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé yọ lábẹ́ rẹ̀, wẹ́rẹ́, ó tàn káàkiri, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àkọ́rọ̀ òjò. Láti ìgbà tí ọ̀dá ti dá, kò sí ẹni tó rí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí òkè náà.

Ìyá àgbà dìde jókòó nínú igbá. Ó ké. "Ọmọ mi! Ọmọ mi ò kú! Tiwa ni!"

Olú-Ọrán ti sáré jáde. "Rárá o! Ilé ta lẹ fẹ́ mú un lọ? Ọmọ Olú ni! Tiwa ni!"

Èépá dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, inú kò bí i mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Ìyá àgbà, ẹ ṣé. N ó máa kí yín ní àárọ̀, n ó máa kí yín ní alẹ́, nítorí ẹ̀yin lẹ bí àwọn tó bí mi. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ìdajì Olú, n kì í ṣe ìdajì Ewé-Omi. Odindi ni mí." Ó dá orin, ilé rẹ̀ sì gbè é:

Ta ló bí wa o?
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ọkọ kọ́lé, aya dáná,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ẹ wo àwo, ẹ wo etí rẹ̀,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Àwọ̀ yàtọ̀, ìlà kan ni,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta.*
Ilé tiwa la dúró sí o,
*Típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta!*

Ọba Àràbà dìde lórí ìtẹ́. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Láti òní lọ, Ilé Aláwo ni orúkọ ìdílé yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha yín. Ẹ wá gba ìpín yín nínú omi ìsun."

Èépá ní, "Kábíyèsí, ẹ pín tiwa fún ìyá àgbà tó wà nínú igbá yẹn. Ìrì àárọ̀ tó wa."

Ẹnu ya gbogbo ilé. Afòmọ́ ti yọ́ bá ẹ̀yìn jáde. Ìyá àgbà gba omi náà, ó mu ún, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Èépá àti ìdílé rẹ̀ gun òkè padà. Wọ́n lẹ̀ mọ́ Àpáta, wọ́n ní àwọn kò tún ní í kúrò níbẹ̀ lọ bẹ ilé onílé mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fi èékánná ha á tí kò fi ń ṣí. Bí ìrì bá sì sẹ̀ ní kùtùkùtù, gbogbo òkè náà á tutù yọ̀yọ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ á gbé orí sókè wò ó, wọn á ní, "Àwọn Aláwo ti jí."

Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi yìí ni pé kí ẹ má sẹ́ ẹni tó bí yín torí kí wọ́n lè gbà yín sí ilé onílé. Bí wọ́n bá ní ẹ ò jọ tọ̀hún, ẹ ò jọ tibí, ẹ fara balẹ̀ wo ìlà ara yín, kí ẹ sì wá àwọn tó kọ ọ́. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ìlà tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì purọ́ fún un.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí rèé. Bí ó bá ṣe pé irọ́ ni mo pa, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí òótọ́ bá ni, kí ó ta pọ́ún, kí gbogbo yín gbọ́.

Pọ́ún!